A Dá Wọn Lẹ́bi, Ṣùgbọ́n…

Ní ìlú Òṣogbo, kò sí ẹni tó nílò kí àlejò wá kọ́ ọ pé ọmọ dùn. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti dé, tí Arugbá gbé igbá rù, tí èrò wọ́ tẹ̀ lé e wọ inú igbó lọ sí etí odò, ẹ ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n gbé kèrègbè tàbí ike omi lọ́wọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọrọ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun kò ju ọ̀kan lọ. Àwọn tó ti rí tiwọn gbà náà wà níbẹ̀, wọ́n pọn ọ́n wá dúpẹ́. Ẹ̀ báà jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀ báà jẹ́ Kírísítẹ́nì, bí ẹ bá sáà ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, ẹ mọ ohun tó wà nínú àdúrà yẹn. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé àwọn kan wà ní òkè òkun tí wọ́n ní àwọn ń jà fún ọlẹ̀ tó wà nínú ìyá rẹ̀, etí àjèjì kọ́ la fi ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ọ̀rọ̀ tiwa sì ni.

Ṣùgbọ́n kí ni ká ti wí, nígbà tí ẹni tó ní òun ń gbèjà ẹ̀mí bá gbé ìbọn, tó fi pa ènìyàn? Àwọn tí wọ́n jọ ń gbàdúrà, tí wọ́n jọ ń wọ́de, kí ni wọ́n sọ nígbà tí ìròyìn náà kàn wọ́n lára? Ohun tí wọ́n sọ yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Mi ò wá dá ẹjọ́ oyún ṣíṣẹ́ fúnra rẹ̀; kálukú ló ní ilé ìjọsìn rẹ̀ àti ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Ẹjọ́ tí mo gbé wá yàtọ̀: bí ọmọ ẹgbẹ́ ẹni bá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ ohun tí gbogbo wa jọ gbà gbọ́, báwo la ṣe ń dá a lẹ́bi? Ṣé tọkàntọkàn ni, àbí ẹnu lásán?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1973 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Roe àti Wade, tó ní òfin ilẹ̀ náà fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́ oyún. Ilé ẹjọ́ kan náà ló wá dojú ẹjọ́ yẹn dé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2022. Láàárín ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta yẹn, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, Kátólíìkì àti àwọn ìjọ mìíràn, ń wọ́de, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń kúnlẹ̀ níwájú àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣẹ́ oyún. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sọ òkúta lu ẹnikẹ́ni rí, ká tó wá sọ pé ìbọn. Ó yẹ ká sọ èyí kó tó di pé a sọ ìyókù, nítorí pé ẹni tó bá fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan di ti gbogbo ilé, òun náà ti ṣìkà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1993, ní ìlú Pensacola ní Florida, ìwọ́de ń lọ lọ́wọ́ níwájú ilé ìwòsàn kan nígbà tí Michael Griffin yìnbọn lu Dókítà David Gunn láti ẹ̀yìn, tí dókítà náà sì kú. Kò pé ọdún kan àbọ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1994, ní Pensacola yìí kan náà, Paul Hill tó ti ṣe pásítọ̀ rí fi ìbọn pa Dókítà John Britton àti James Barrett, àgbàlagbà tó ń sin dókítà náà wọlé. Ìyàwó Barrett fara gbọta. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, John Salvi wọ ilé ìwòsàn méjì ní Brookline, lẹ́bàá Boston, ó pa obìnrin méjì tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gba àlejò wọlé lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, bọ́ǹbù pa ọlọ́pàá kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní Birmingham, Alabama. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Dókítà Barnett Slepian ti sínágọ́gù dé, ó dúró nínú ilé ara rẹ̀, wọ́n yìnbọn lù ú láti ojú fèrèsé. Ní ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù karùn-ún ọdún 2009, Dókítà George Tiller wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Wichita, ó ń ṣe iṣẹ́ ìsìn lọ́wọ́, nígbà tí Scott Roeder wọlé, tó yìnbọn lù ú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ènìyàn mẹ́ta tún kú ní Colorado Springs. Bí ẹ bá ka gbogbo wọn láti 1993, ènìyàn mọ́kànlá ni.

Kí ni àwọn ará ilé wá sọ? Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n sọ á rí i pé ìdálẹ́bi náà kì í ṣe oríṣi kan. Òkìtì mẹ́ta ni mo pín in sí.

Òkìtì kìíní ni ti àwọn tó sọ pé: “Ohun tó ṣe yìí kò dára, nítorí pé ó máa ba iṣẹ́ wa jẹ́.” Òótọ́ ni wọ́n sọ o. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1994, Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí òfin tó ka dídí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn àti dídẹ́rù ba àwọn tó ń wọlé síbẹ̀ sí ọ̀ràn, ikú Gunn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí òfin náà tètè kọjá. Àwọn tó kàn fẹ́ kúnlẹ̀ gbàdúrà wá di ẹni tí ọlọ́pàá ń fi ojú ọ̀daràn wò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ìpànìyàn burú kìkì nítorí pé ó ba orúkọ wa jẹ́, a jẹ́ pé bí kò bá bà á jẹ́, kò burú nìyẹn? Bí ikú dókítà kan bá lè mú kí gbogbo ilé ìwòsàn yẹn tì pa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ṣé wọn á pàtẹ́wọ́ ni? Ọlọ́jà ló ń ro èrè àti àdánù. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í ṣírò owó nídìí òkú.

Òkìtì kejì ni òkìtì “ṣùgbọ́n.” Àwọn wọ̀nyí á ní: “A dá a lẹ́bi o, ṣùgbọ́n mélòó ni dókítà yẹn ti pa?” “A kò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ohun tó gbìn ló kórè.” Nígbà tí wọ́n pa Tiller, Randall Terry, tó dá ẹgbẹ́ Operation Rescue sílẹ̀, bọ́ síta, ó pe òkú náà ní apààyàn tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ní ohun tó gbìn ló ká. Ẹ̀yin ará, àwa Yorùbá mọ irú ìdálẹ́bi yìí dáadáa. Òun ni ti ìyàwó àgbà tó ń bá ìyàwó kékeré kẹ́dùn, tó ní “ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run mọ ohun tí a ṣe.” Ẹ̀jẹ́ ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́yìn “ṣùgbọ́n,” kò sí níwájú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣáájú, ìwà ọmọlúàbí tí a fi bo ojú ni.

Òkìtì kẹta kéré, ṣùgbọ́n òun ló níyì. Kádínà John O'Connor ti New York, tí kò sí ẹni tó lè ní kò lòdì sí oyún ṣíṣẹ́, sọ gbangba pé a kò lè fi ìpànìyàn dá ìpànìyàn dúró, ó sì ní bí ẹnikẹ́ni bá ní i lọ́kàn láti pa ènìyàn ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, kó wá pa òun dípò. Robert George, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Princeton, tó ti kọ̀wé púpọ̀ lòdì sí oyún ṣíṣẹ́, kò jẹ́ kí òkú Tiller tutù kó tó sọ pé ìwà ìkà gbáà ni ẹni tó pa á hù. Ìjọ Paul Hill gan-an kò dúró dìgbà tó pa ènìyàn: ní 1993, nígbà tó ń lọ káàkiri orí tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ pé ó tọ́ kí wọ́n pa àwọn dókítà, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ. Ẹ wò ó, ìyẹn ni mo pè ní ìdálẹ́bi. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ṣì sọ nígbà yẹn, wọ́n sì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, họ̀ọ́-họ̀ọ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Àmọ́ a kò lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ báyìí, nítorí pé Paul Hill ní ìbéèrè kan tó le, tí púpọ̀ nínú àwọn tó dá a lẹ́bi kò dáhùn rárá. Ohun tó ń sọ kò ju èyí lọ: “Bí ẹnìkan bá yọ àdá sí ọmọ rẹ tó wà nílẹ̀, ṣé o kò ní pa onítọ̀hún láti gba ọmọ rẹ là? Gbogbo wa sì jọ ń wàásù pé ọlẹ̀ inú àti ọmọ ilẹ̀, ọ̀kan náà ni. Kí ló wá dé tí ẹ ń dá mi lẹ́bi?” Ìdí nìyẹn tí òun kò fi kábàámọ̀ títí wọ́n fi gún un ní abẹ́rẹ́ ikú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. Ó ní òun ń retí èrè lọ́run.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè yìí rọrùn, kò tíì gbọ́ ọ ni. Àwọn tó wà ní ìhà kejì máa ń fi ṣe ẹ̀sín: “Ṣé ẹ rí i? Ẹ ò gba ohun tí ẹ ń sọ gbọ́. Bí ẹ bá gbà á gbọ́ ni, ẹ̀ bá ṣe bí Hill ti ṣe.” Mo rò pé àṣìṣe ni, mo sì rò pé ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọgbọ́n tí àwọn baba wa fi ń ṣèlú.

Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní Iléṣà láàfin Ọwá Obòkun, ní Òṣogbo láàfin Àtáọ́ja, kò sí ìgbà kan tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ń jẹ́ olùfisùn, kó jẹ́ ẹlẹ́rìí, kó jẹ́ adájọ́, kó tún jẹ́ ẹni tí yóò bẹ́ orí. Ẹjọ́ ń ti ọ̀dọ̀ baálé lọ sọ́dọ̀ ìjòyè, ó ń ti ọ̀dọ̀ ìjòyè lọ sí ààfin. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí inú ń bí máa ń dá ara rẹ̀ lójú. Ìdánilójú kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn tí wọ́n na ìyá arúgbó ní ìnà ikú nítorí pé ọmọ méjì kú tẹ̀ lé ara wọn ní agbolé, ó dá àwọn náà lójú pé àjẹ́ ni. Àwọn náà ní ọmọ ni àwọn ń gbèjà. Bí a bá fún Hill láṣẹ, kí la fẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ àwọn yẹn?

Ohun kan tún kù. Kí ló fún ọ̀rọ̀ àwọn agbèjà ọlẹ̀ lágbára? Kì í ṣe pé ọlẹ̀ rẹwà, kì í ṣe pé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ̀mí kì í ṣe tiwa láti gbà, bó ti wù kí ìdí wa dára tó. Obìnrin tí ìṣẹ́ ń bá jà ní ìdí. Wọ́n ní ìdí náà kò tó. Ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò ní ìdí tó tún ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní kò tó. Ọjọ́ tí ọkùnrin kan wá sọ pé ìdí ti òun tó láti pa ènìyàn, ọjọ́ náà ló ta òpó tó gbé gbogbo ilé náà ró. Ìdí nìyí tí ìdálẹ́bi òkìtì kẹta fi tọ́: kò dá Hill lẹ́bi nítorí pé ó gba ohun tí wọ́n ń wàásù gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó dá a lẹ́bi nítorí pé kò gbà á gbọ́ dé ìdí.

Kí a wá sọ ọ̀rọ̀ nípa ẹnu. Kí Gunn tó kú, wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà bí ẹni ń wá ọ̀daràn, wọ́n ń pín in káàkiri. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wá ń ṣe háà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mi ò sọ pé kí ẹni tó gbà pé ohun kan burú máà sọ pé ó burú. Bí a bá gba ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa lè bá ìkà wí mọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí a ní “ohun tó ń ṣe yìí, ìpànìyàn ni,” àti kí a kọ orúkọ ọkùnrin kan, kí a fi àwòrán rẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sí i, kí a fi lé àwọn tí inú ń bí lọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́, ìwàásù ni. Ti ìkejì, ọ̀nà là ń fi hàn.

Àwọn obìnrin Boston ló wá ṣe ohun tí mo kà sí iṣẹ́ ọpọlọ jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí. Lẹ́yìn tí Salvi pa àwọn obìnrin méjì náà, Kádínà Bernard Law bẹ̀bẹ̀ pé kí ìwọ́de níwájú àwọn ilé ìwòsàn dúró ná. Láti 1995, obìnrin mẹ́fà, mẹ́ta tó lòdì sí oyún ṣíṣẹ́ àti mẹ́ta tó fara mọ́ ọn, bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní ìkọ̀kọ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí aráyé gbọ́ nínú ìwé ìròyìn Boston Globe ní oṣù kìíní ọdún 2001. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ àwọn tún lágbára sí i ni. Ohun tó yí padà ni ẹnu wọn. Nígbà tí ọkùnrin kan tó ti sọ pé iṣẹ́ òdodo ni Salvi ṣe fẹ́ wá sí Boston, àwọn tó lòdì sí oyún ṣíṣẹ́ fúnra wọn ló kọ̀wé sí i pé kó má wá o, àwọn kò fẹ́ ẹ níbẹ̀. A kì í jà ká má rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ń jà lọ, wọ́n sì ń bá ara wọn jẹun.

Ẹnìkan lè ní: “Èyí kàn wá bí? Amẹ́ríkà mà ni.” Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, nígbà tí wọ́n já wọ igbó Sókà ní Ìbàdàn, tí wọ́n bá òkú àti àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rù ba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó sì tó ohun tó ń ba ni lẹ́rù. Kí ló tẹ̀ lé e? Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dá wèrè dúró ní títì, wọ́n ń tú àpò rẹ̀ wò, wọ́n ń pariwo “gbọ́mọgbọ́mọ!” Wọ́n lu àwọn kan pa, wọ́n dáná sun àwọn kan. Ẹ rántí ohun tí àwọn tó dúró wòran sọ: “Kò yẹ kí wọ́n sun ún, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọ ni wọ́n ń gbèjà.” Ṣé ẹ rí “ṣùgbọ́n” yẹn? Ó mọ ọ̀nà dé ilé wa. Kò gba físà.

Ní ti oyún ṣíṣẹ́ fúnra rẹ̀, òfin tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa ní gúúsù Nàìjíríà ṣì wà: ọdún mẹ́rìnlá lẹ́wọ̀n fún ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ fún obìnrin, ọdún méje fún obìnrin náà, àfi bó bá jẹ́ láti gba ẹ̀mí ìyá là. Wọ́n gbé àbá ìyípadà lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1981, kò kọjá. Síbẹ̀, òfin kò ní kí àwọn ọmọbìnrin wa máà lọ sí yàrá òkùnkùn, sọ́dọ̀ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Wọ́n ń lọ, àwọn kan kì í sì í padà wálé. Kò sẹ́ni tó yìnbọn. Àdúgbò kàn ń sọ pé: “Ó mà ṣe o, ṣùgbọ́n òun náà kò gbọ́ràn.” Bí ẹni tó ní òun ń gbèjà ẹ̀mí bá lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nídìí òkú ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kí ló fi sàn ju Terry lọ?

Bí a bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń gbèjà ọmọ, a kò ní rìn jìnnà. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé àwọn ọmọdé ń kú bí ewé: ìgbẹ́ gbuuru, èéyi, ibà, àìjẹunre-kánú. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣètò ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá ń gbé lọ sílé, wọ́n á ti rí àìsàn kó tó di ńlá. Ikú ọmọdé dín kù gan-an ní ìlú náà, káàdì yẹn sì tàn kárí ayé. Kò sí ẹni tó pariwo níbẹ̀, kò sí ẹni tó pe ẹnikẹ́ni ní apànìyàn. Òṣùwọ̀n kan, káàdì kan, nọ́ọ̀sì tó mọ orúkọ ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́ kú nítorí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ wọn ọmọ.

Ìtàn Òṣogbo náà ní ohun tó ń sọ fún wa. Wọ́n ní nígbà tí Láròóyè àti Olútìmẹ́yìn kọ́kọ́ tẹ̀dó sétí odò, igi tí wọ́n gé ṣubú sínú omi, ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ẹni tí wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀ pariwo, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti pariwo. Ṣùgbọ́n àdéhùn ló parí ọ̀rọ̀ náà: wọ́n kó kúrò létí omi, ó sì ń dáàbò bò wọ́n. Títí di òní, a kì í ṣọdẹ nínú igbó yẹn, a kì í pẹja inú omi rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tọrọ ọmọ, wọn kì í pa ohun ẹlẹ́mìí tó wà níbẹ̀.

Èrò tèmi rèé. Ẹgbẹ́ kò lè ní kí ọmọ burúkú máà wọ inú rẹ̀. Kò sí ìjọ, kò sí mọ́ṣáláṣí, kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí irú rẹ̀ kò sí. Ohun tí a fi ń mọ ẹgbẹ́ ni ohun tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ó bá ní “ó ba orúkọ wa jẹ́,” orúkọ ara rẹ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀. Bí ó bá ní “a dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n,” kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí ó bá ní “wọ́n pa ènìyàn, ìkà ni,” tó sì dákẹ́ síbẹ̀, ìgbà náà la tó lè gbà á gbọ́ nígbà tó bá ní òun ń sọ̀rọ̀ nítorí ẹ̀mí.